Àáró Ekonómíìsì

Ẹni tí kò bá tíì wọ mọ́tò láti Fìdítì lọ sí Ọ̀yọ́ lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rin, kó má sọ fún mi pé òun mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àárẹ̀. Mo mọ gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà yẹn bí mo ṣe mọ eyín ẹnu mi. Mo mọ ibi tí awakọ̀ ti máa ń tẹ bíréèkì, mo sì mọ ibi tí ẹni tó bá ń sùn ti máa ń fi orí gbá fèrèsé. Orí tèmi ló ń gbá a jù. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ọ̀yọ́: ká to fáìlì, ká gbé fáìlì, ká máa wá fáìlì tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbàgbé sínú dúróò rẹ̀, tí yóò sì máa bínú sí wa pé ó sọnù. Ọ̀gá mẹ́ta ló ti kọjá lórí mi, gbogbo wọn ló sì wí fún mi pé bí mi ò bá ní ìwé yunifásítì, orí àga yẹn ni màá jókòó sí títí màá fi fẹ̀yìn tì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ọlọ́dún kan yẹn, èyí tí ẹni tó bá yege níbẹ̀ lè gbà bọ́ sí ọdún kejì ní yunifásítì tààrà. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta là ń kọ́ fún un. Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba kò yọ mí lẹ́nu, nítorí mo ń rí ìjọba lójoojúmọ́. Àkáǹtì náà ṣeé rọ́jú ṣe. Ekonómíìsì ló já mi kulẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, òun náà ló sì tún já mi kulẹ̀ lọ́dún kejì. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́n. Mo kàn máa ń sùn lórí rẹ̀ ni. Mo sùn lé e nínú mọ́tò, mo sùn lé e ní ọ́fíìsì nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Ìgbà kan tilẹ̀ wà tí mo fi orí lé e lórí ẹní ìkírun lẹ́yìn ìrun àsárì, tí ìyá mi rò pé àdúrà gígùn ni mò ń ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a máa ń lọ sí kíláàsì ní Ọ̀yọ́. Olùkọ́ ibẹ̀ máa ń sáré bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Bí o bá yọ háńkáṣíìfù láti fi nu imú, ó ti kọjá ojú ìwé méjì. Níbẹ̀ ni mo ti pàdé àwọn méjì tí ọ̀nà ilé wa jọ papọ̀. Ọ̀kan jẹ́ tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlọra, ọkùnrin ẹgbẹ́ mi tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ìkejì ni ìyá kan láti Iware, tó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Ẹ̀gbọ́n ni èmi àti tíṣà ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni màá sì máa pè é níbí. Ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń nu imú ọmọ ọlọ́mọ, ó ń pààrọ̀ ṣòkòtò tí wọ́n tọ̀ sí, ó ń kọ́ wọn ní a, b, d. Ó ti tó ọdún méjìlá tó ti wà lẹ́nu rẹ̀, àwọn ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni wọ́n sì ń wá ṣe ọ̀gá lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí tèmi. Bí èmi bá fìdí rẹmi, mo lè tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, kí n sì máa ráhùn lọ. Òun kò ní ọdún tó ń bọ̀. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin máa jáde ilé ìwé girama lọ́dún náà, òun àti ọkọ rẹ̀ sì ti jọ fẹnu kò pé ẹnì kan ṣoṣo ni apá àwọn lè ká nílé ìwé gíga lẹ́ẹ̀kan.

“Ọdún yìí ni tèmi,” ó wí fún wa lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ jọ wọ mọ́tò bọ̀ láti kíláàsì. “Bó bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ó parí nìyẹn. Ọmọ ló kàn. Mi ò ní bá ọmọ mi du àyè.”

Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi àti tíṣà kò bá a rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi ló mú ọ̀rọ̀ àáró wá. Àgbẹ̀ ni, ó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ń to ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú apẹ̀rẹ̀, èmi sì ń ráhùn sí i létí pé orí-ọ̀rọ̀ méjìlá ló kù nínú ìwé, pé bí mo bá fi ọ̀sẹ̀ kan ka ọ̀kan, ìdánwò á ti dé kí n tó kọjá ìdajì.

“Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nídìí ọ̀rọ̀ náà?” ó bi mí.

“Àwa mẹ́ta, Bàbá.”

“Ẹni mẹ́ta ò wá lè ṣe àáró ni? Ẹ pín in. Lóṣù yìí ẹ lọ sóko ẹnì kan, bó bá yá ẹ bọ́ sí tẹlòmíràn. Ta ló sọ fún yín pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ro gbogbo oko?”

Ọmọ àgbẹ̀ kankan kò nílò àlàyé lórí àáró. Màá bá ọ kọ ebè lóko rẹ lónìí, ìwọ náà á wá bá mi kọ tèmi lọ́la. Mo sọ ọ́ fún àwọn méjì yòókù, inú wọn dùn, a sì pín orí-ọ̀rọ̀ méjìlá náà ní mẹ́rin mẹ́rin. Ẹni tí ọ̀sẹ̀ bá kàn ni yóò ka méjì nínú tirẹ̀ yanjú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni àwọn yòókù yóò lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú láti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Òun náà ni yóò wá nǹkan ìpanu.

Òfin kan wà nínú àáró tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sílẹ̀. Ẹni tó ni oko ló ń pàṣẹ ebè. Bó bá ní kó ga, ẹ kọ ọ́ kó ga. Bó bá ní kó dojú kọ odò, á dojú kọ odò. Àfojúdi gbáà ni kéèyàn dé oko olóko kó máa kọ́ ọ bí yóò ṣe ro ó. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mu òfin yìí mọ́ ọmú, a sì kó o wọnú Ekonómíìsì láìronú sí i.

Ní tòótọ́, àáró yẹn dùn. Bí a bá lọ sí Ìlọra, inú kíláàsì tíṣà la máa ń jókòó sí, lórí àga kékeré tí orúnkún wa fi ń kan àgbọ̀n wa. Ó máa ń sọ̀rọ̀ títí a ó fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká jẹ gúgúrú. Bó bá kan Ẹ̀gbọ́n, àgbàdo sísè ló máa ń bá wa wá. Ó kọ́ wa bí agbára owó ṣe ń dín kù nípa bísíkítì tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń rà: owó kan náà ni ìyá wọn ń fún wọn, ṣùgbọ́n ẹyọ mẹ́rin tó wà nínú ọ̀rá tẹ́lẹ̀ ti di mẹ́ta. Mi ò gbàgbé ìyẹn títí dòní. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo kọ́ nǹkan kan nínú Ekonómíìsì láìsùn.

Ó tún kàn mí lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn kí ìdánwò tó dé. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní ẹlasitísítì. Kò le rárá. Ohun tó ń bi wá ni pé bí owó ọjà bá lọ sókè, báwo ni àwọn tó ń rà á yóò ṣe sá fún un tó? Ọjà tí wọ́n lè sá fún, bí ọlọ́jà bá fi owó lé e, àpapọ̀ owó tó ń wọlé fún un á dín kù. Ọjà tí wọn kò lè ṣe aláìrà, bó bá fi owó lé e, owó á wọlé sí i. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kí ọmọbìnrin ẹni tó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó létí títì Fìdítì mọ èyí ju olùkọ́ lọ, nítorí ojú mi ló ṣe nígbà tí bàbá mi fi owó lé tirẹ̀, tí àwọn onímọ́tò kàn wò ó, tí wọ́n sì kọjá lọ bá ọlọ́sàn.

Ṣùgbọ́n inú mọ́tò ni mo ti kọ nóòtì tèmi, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí wọ́n ti ní ká ka gbogbo fáìlì ọ́fíìsì láti orí dé ìdí. Mo fa ìlà sáàárín ojú ìwé. Mo kọ ti ọjà kan sí ọ̀tún, mo kọ ti èkejì sí òsì. Oorun gbé mi lọ, kòtò jí mi, mo ń kọ lọ. Ibi tó yẹ kí n kọ “á pọ̀ sí i” sí, mo kọ “á dín kù” síbẹ̀. Ibi tó yẹ kó ti dín kù, mo ní á pọ̀ sí i. Mi ò sì padà wò ó.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n wá bá mi nílé. Bàbá mi ti gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú abọ́ fún wa. Mo dúró níwájú wọn, mo ka nóòtì mi jáde bí mo ṣe kọ ọ́. Tíṣà ń kọ ọ́ sílẹ̀ láìgbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n dá bírò dúró.

“Àbúrò, jọ̀ọ́, tún ibẹ̀ yẹn sọ. Iyọ̀ ńkọ́? Nígbà tí iyọ̀ wọ́n, mi ò rí ẹni tó se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i. Gbogbo wa la rà á. Ṣé owó àwọn tó ń tà á wá dín kù ni?”

Mo ti ronú lórí ìbéèrè yẹn lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà. Ìbéèrè tí olùkọ́ gidi ń gbàdúrà fún ni. Ká ní mo lo ìṣẹ́jú kan péré lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, ooru mú, inú sì bí mi pé ó fẹ́ kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wo ìwé mi, mi ò wo ojú rẹ̀.

“Bó ṣe wà nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ níwájú.”

“Kò burú,” ó wí. “Ìwọ lo ni oko.” Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó gún régé, ọwọ́ ẹni tó ti ń kọ a, b, d fún ọmọdé láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo rí àṣìṣe mi. Ọjọ́bọ̀ ni ìdánwò. Mo wà nínú mọ́tò, mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo ṣí ìwé ẹ̀kọ́ gan-an láti fi yẹ nóòtì mi wò, mo sì rí i pé mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà dorí kodò. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òtítọ́ ni Ẹ̀gbọ́n sọ. Ẹni tó ń nu imú ọmọdé ló mọ̀ ọ́n, èmi tí mo ní mo kà á ni mi ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ ní Fìdítì, oòrùn kò tíì wọ̀. Mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Mo tún un pè, kò lọ. Ọlọ́kadà kan dúró níwájú mi, ó ń ké pé Iware ku ẹnì kan. Mo wò ó. Ẹsẹ̀ mi wú nínú bàtà, ẹ̀yìn ń ro mí, mo sì mọ̀ pé bí mo bá dé Iware, màá jókòó, màá ṣàlàyé, màá sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí mo pa lẹ́nu mọ́. Mo ní ó di ọ̀la. Ọlọ́kadà rí ẹni tó kù, ó sì gbéra.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá dá wa dúró di ìrọ̀lẹ́. Fóònù kò tún lọ. Mo lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, mo kọ ọ́ dé ibi tí mo ti ní “Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo kọ́ yín,” ojú tì mí, mo pa á rẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ìbéèrè náà lè má jáde. Mo sọ fún ara mi pé ó ti rẹ̀ mí, òótọ́ sì ni, ó ti rẹ̀ mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi gbólóhùn yẹn bo ara mi, kò sì sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn lórí rẹ̀.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo bá tíṣà lẹ́nu géètì ibi ìdánwò. Mo sọ fún un kíákíá. Ó pariwo, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní “Ọ̀jọ̀gbọ́n! Díẹ̀ ló kù kí o tà wá,” ó sì tún un kà lórí fún mi títí ó fi dá a lójú. A wá dúró de Ẹ̀gbọ́n. Taya mọ́tò wọn jò lọ́nà. Nígbà tó fi máa sáré dé, pẹ̀lú ìborùn lọ́wọ́ àti eruku lẹ́sẹ̀, wọ́n ti ń tò wá wọlé, ọ̀pọ̀ èèyàn sì wà láàárín wa.

“Ẹ̀gbọ́n,” mo ké sí i, “ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn...”

“Ẹ dákẹ́ níbẹ̀ yẹn!” ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wí. Ẹ̀gbọ́n juwọ́ sí mi, ó rẹ́rìn-ín, kò gbọ́ ohun tí mo sọ, ó rò pé mò ń kí òun káàbọ̀ ni. Ó sì wọlé.

Ìbéèrè kẹta ni. Ogún máàkì. Wọ́n ní ká ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí owó tó ń wọlé fún ọlọ́jà bó bá fi owó lé ohun tí aráàlú kò lè ṣe aláìrà. Mo kọ ọ́ bó ṣe yẹ, mo fi iyọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, iyọ̀ Ẹ̀gbọ́n ni mo fi gba máàkì. Ó jókòó síwájú mi ní ìlà méjì, mo ń rí apá rẹ̀ ọ̀tún. Ó kọ̀wé, kọ̀wé, ó dúró. Ó gbé orí sókè fún ìgbà díẹ̀. Ó wá mú rúlà, ó fa ìlà kọjá lórí ohun tó ti kọ, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ó ti rántí, ó ti tún un ṣe, Ọlọ́run ti yọ mí.

Èsì jáde lórí fóònù lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Tíṣà yege, èmi náà yege. Ẹ̀gbọ́n yege nínú méjì, ó sì fìdí rẹmi nínú Ekonómíìsì. Díẹ̀ ló kù fún un. Òun ló kọ́kọ́ pè mí láti bá mi yọ̀. “Àlùbáríkà á wà níbẹ̀, àbúrò mi,” ó wí, ó sì ń dún bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn. Mo ní ẹ ṣeun mà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe bí ẹni tí kò rí ọ̀nà Iware. Bí mo bá bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì títì kọjá kí n má baà gbọ́ tí ọlọ́kadà ń pè é. Nígbà tó yá, mi ò lè jẹun dáadáa mọ́. Mo lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Mo bá a níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́, ọmọ rẹ̀ tó ń jáde lọ́dún náà ń ràn án lọ́wọ́. Ó fẹ́ dìde kí mi, mo kúnlẹ̀ kó tó dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti nóòtì, ti fóònù, ti ọlọ́kadà tó ku ẹnì kan. Mo sọ pé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti mọ̀.

Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dákẹ́, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Mo kọ ọ́,” ó wí. “Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Mo kọ iyọ̀, mo kọ ọ́ tó ìdajì ojú ìwé. Ìgbà náà ni mo wá rántí ohun tí o kọ́ wa. Mo ní, ta ni èmi? Ọmọ yìí ló ni orí-ọ̀rọ̀ yẹn, ó ti kà á, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mo bá fagi lé tèmi.”

Mo ń fi ojú inú wo rúlà yẹn bó ṣe ń kọjá lórí ìwé, mo sì ń rántí pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà náà. Mo bú sẹ́kún. Kò ní kí n má sunkún. Kò sì ní òun dárí jì mí. Kò tíì sọ ọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì bi í.

Ohun tó ṣe ni pé ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Fọ ọwọ́ ẹ, kí o mú ìwé àti bírò wá.” Ó wá kọjú sí mi. “Òun náà ń ṣe Ekonómíìsì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wá. Èyí tó tẹ̀lé e, wá. Títí tí ìdánwò tirẹ̀ á fi dé. Ibi tí o ti ṣì mí lọ́nà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.” Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́, ó sì kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé.

Ọmọ náà jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Mo nu ojú mi, mo ṣàlàyé ọjà tí èèyàn lè sá fún, mo ṣàlàyé èyí tí kò ṣeé sá fún, mo sọ èyí tí owó rẹ̀ á pọ̀ àti èyí tí owó rẹ̀ á dín kù. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó di bírò mú, ó ń wò mí, ojú rẹ̀ jọ ti ìyá rẹ̀ gan-an.

“Àǹtí,” ó wí, “ẹ má bínú o. Ṣé ó dá yín lójú?”

Mo ní kó lọ gbé ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá, ká jọ wò ó.